Orin Tó Gbé Wa Dé Kóòtù Igbosere

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó kọ orin rọ́ọ̀kì ní Ìsàlẹ̀ Èkó rí, irọ́ ni. A kọ ọ́. Àwa mẹ́ta la kọ ọ́, láyé ìjọba ológun, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ẹbí kan ní Ìta Fájì, tí a fi bẹ́ẹ̀dì àlòkù dí fèrèsé rẹ̀ kí àwọn aládùúgbò má baà wá lù wá. Àwọn kan ń sọ báyìí pé ẹgbẹ́ wa kàn túká ni, bí ẹgbẹ́ ọmọdé ṣe máa ń túká. Ẹgbẹ́ wa kò túká. Pípa ni wọ́n pa á, mo mọ àwọn tó pa á, mo sì ń kí ọ̀kan nínú wọn bó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, nítorí pé àgbàlagbà ni, ọmọ Yorùbá sì ni mí.

Ọ̀rẹ́ mi ni olórí ẹgbẹ́, ilé ẹbí wọn sì ni yàrá yẹn wà. Òun ló ń ta gìtá, òun náà ló ń kọrin. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni tọwọ́ tẹsẹ̀, irú àwọn tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti òdìkejì afárá wá, ará òkè ni lójú wọn. Ará òkè ni èmi. Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi wá sí Èkó pé kí n wá bá òun ta léèsì ní Ọjà Balógun. Gìtá béèsì tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé ni mo gbé wọ ìlú, kò sí ẹrù mìíràn tó jọ ẹrù lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí n gbàgbé ibi tí mo ti wá. Bí mo bá ń sáré ju orin lọ, á ní, "Òṣómàáló, rọra. A ò sí lọ́jà níbí."

Obìnrin ni ẹnìkẹta wa. Ẹ̀gbá ni, ó sì ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Igbosere. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa tẹ ẹjọ́ onílẹ̀ àti ẹjọ́ tọkọtaya, tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò wá fi ọwọ́ kan náà lu dọ́rọ́ọ̀mù bí ẹni pé àwọn olẹ́jọ́ yẹn ló tò síwájú rẹ̀. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó lù ú tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ nígbà náà, mo tún ń sọ ọ́.

Ọmọ àbúrò bàbá ọ̀rẹ́ mi kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló fi báàgì kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ nígbà tó ń padà lọ. Inú rẹ̀ la ti kọ́ orin yìí. Gìtá inú rẹ̀ kì í dún wọ́rọ́wọ́rọ́ bíi ti jùjú, ńṣe ló ń ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há lọ́wọ́. Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í yin ẹnikẹ́ni, wọn kì í kí olówó, wọn kì í súre. Inú ń bí wọn, wọ́n sì ń sọ ọ́. Àwa tí sójà ń nà lójú títì, tí ìwé mẹ́wàá tí a kà kò jẹ́ nǹkankan lọ́wọ́ ẹni tó ń gbani síṣẹ́, a gbà pé àwa ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Àdúgbò kò gbà bẹ́ẹ̀. Fújì ni àdúgbò mọ̀, àti wákà, àti wáàsì. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì wọlé tọ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó dúró wò wá títí orin fi parí, ó wá fi sùúrù béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ṣẹ̀ yín?" A rẹ́rìn-ín títí. Tó bá tún bi mí lónìí, màá dá a lóhùn.

Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn. Àpótí ìjókòó rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Láràárọ̀, ọ̀rẹ́ mi gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú àpótí yẹn kó tó jáde, màmá á gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, á sì kì í. Á kọ́kọ́ pè é ní ọkọ mi, á wá bẹ̀rẹ̀ oríkì ẹbí láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà, títí dé orí èyí tó dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀. Òjò ì báà máa rọ̀, kí ọmọ máa yára, màmá kò ní fi ìlà kan sílẹ̀. Òun alára kì í ṣe ọmọ ilé náà. Ìyàwó ni. Ẹnu àwọn ìyàwó tó bá nílé ló ti kọ́ ọ, bí àwọn yẹn náà ṣe kọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú wọn.

Òyìnbó la fi ń kọrin nígbà náà, òyìnbó tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá yọjú sínú yàrá. "Ọkọ mi," ó ní, "ariwo yín ò yọ mí lẹ́nu. Èdè tí ẹ fi ń pa á ni ò yé mi. Ṣé ẹ ò lédè ni?" Ọ̀rẹ́ mi jókòó ti gìtá, ó ń ta okùn kan ṣoṣo lọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí màmá máa ń sọ sí i lẹ́yìn láràárọ̀. Kò sọ ọ́ bí màmá ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹni tó ń jà ló sọ ọ́:

Ọmọ atukọ̀-má-wẹ̀yìn,
Ọmọ ẹni tó gúnlẹ̀ tó bá iná nílẹ̀,
Ó bá iná nílẹ̀, ó tọrọ ẹyín,
Ẹyín tó tọrọ ló fi dáná ilé.

Onílù wa wọlé sí i. Èmi náà wọlé. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí, ó ń tọ́ ọ sọ́nà níbi tó bá ti ṣì í. Mo ti dàgbà báyìí, ojú mi ti rí nǹkan, mi ò tíì rí ìrọ̀lẹ́ kan tó dùn mọ́ mi tó ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Orin yẹn ló mú wa jáde. A kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, àwọn tó wá fi wá ṣẹ̀sín sì dìde dúró sórí àga. Ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Balógun ń dà á kọ fún ẹni tó bá fẹ́, láìbi wá. Lọ́jọ́ kan mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo ń ká léèsì, mo sì gbọ́ béèsì tèmi tó ń bọ̀ láti ìsọ̀ àwọn tó ń ta bàtà. Mo fi léèsì sílẹ̀ mo lọ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà, mi ò sọ fún wọn pé èmi ni.

Dáwódù ẹbí, èyíinì ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ àgbà ọkùnrin ilé, kò fẹ́ rí wa sójú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí orin yìí gbòde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò wọ yàrá wa. "Ẹ gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń ki bàbá wa," á wí bẹ́ẹ̀, á sì máa jó. Kí ẹ rántí pé ó jó o. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ránṣẹ́ sí wa. Odidi rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n fẹ́ ṣe, orin màmá ni yóò sì síwájú. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé léèsì ti tó mi. Ó ní, "Orí rẹ pé, àbí?" Mo ní orí mi pé.

Ẹbí ọ̀rẹ́ mi ní ẹjọ́ kan ní kóòtù gíga Igbosere. Ẹjọ́ náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Ẹbí kejì tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn ń sọ pé bàbá ńlá àwọn ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, pé àwọn ló ni ilẹ̀. Ẹbí ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé bàbá ńlá tàwọn ló débẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni, pé igbó àti omi nìkan ló bá. Ohun tí dáwódù búra sí nìyẹn, ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ búra sí náà nìyẹn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ nínú ilé yẹn, bí wọ́n bá gbéyàwó wálé, àwọn obìnrin á bọ́ síta, wọ́n á kì wọ́n pé bàbá wọn bá iná nílẹ̀. Orí àwọn ọkùnrin á wú. Wọ́n á wọ agbádá lọ sí kóòtù, wọ́n á ní kò sí iná kankan. Kò sẹ́ni tó fura. Oríkì, ti ìyàwó ilé ni. Ẹjọ́, ti ọkùnrin ni. Àwa la gbé ti ìyàwó ilé lọ sórí rédíò.

Onílù wa ló mú ìròyìn wá. Ó wọlé lọ́jọ́ náà, kò jókòó sídìí dọ́rọ́ọ̀mù, ó kàn dúró.

"Wọ́n ti gbé orin wa lọ sí kóòtù," ó ní.

"Àwọn wo?" ọ̀rẹ́ mi bi í.

"Lọ́yà àwọn ará ẹ̀yìnkùlé yín. Gbogbo Igbosere ló ń sọ ọ́. Wọ́n ti fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú adájọ́. The man say make una come tell court who light that fire."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèpàdé ẹbí, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Dáwódù tó ti ń jó sí orin yẹn ló ń pè é ní orin ọmọ àlè. Ó ní ọ̀rẹ́ mi ti fẹnu ara rẹ̀ gbé ilé bàbá rẹ̀ fún ọ̀tá. Ó ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Màmá dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí: "Kì í ṣe ẹnu ọmọ yìí. Bí mo ṣe bá a nìyẹn, bí ìyá ọkọ mi ṣe bá a nìyẹn."

"Màmá, ẹ dákẹ́," dáwódù wí. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni.

Lọ́yà ẹbí ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀rẹ́ mi yóò búra pé òun ló ro ọ̀rọ̀ orin náà láti inú ara òun. Wọ́n á sì sọ fún adájọ́ pé ọpọlọ màmá kò pé mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é jáde láti jẹ́rìí. Rẹ́kọ́ọ̀dù ńkọ́? Kò gbọdọ̀ jáde, nítorí ẹni tó sọ pé orin lásán ni kò tún gbọdọ̀ máa fi oríkì bàbá rẹ̀ pawó. Orin ńkọ́? A ò gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́ láéláé.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ rìn lọ sí etí ọ̀sà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún un pé kó sọ òtítọ́.

"Tí wọ́n bá wá lé wa jáde ńkọ́?" ó ní. "Ìwọ nílé nílé yín. Tí nǹkan bá le, wàá wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀ṣà. Ibo ni kí èmi lọ? Èkó yìí náà ni abúlé mi."

"Màmá ńkọ́?"

"Ó máa yé màmá."

Ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn. Mo mọ̀ pé ilé ẹni kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ká ní ó sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun ni, ǹ bá dárí jì í. Ó wò mí lójú, ó ní ó máa yé màmá, bí ẹni pé ìyà tó fẹ́ fi jẹ obìnrin yẹn, obìnrin yẹn náà ló yẹ kó bá a rù ú.

Wọ́n mú màmá dání lọ sí kóòtù. Dáwódù ló ní kí wọ́n mú un lọ, kí adájọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe darúgbó tó. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ níbẹ̀ fún un. Ó wẹ̀, ó ró ìró funfun, ó fi ìborùn bo orí. Lójú tirẹ̀, wọ́n fẹ́ kó wá sọ bí òun ṣe bá a. Èmi àti onílù wa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò kékeré kan lórí tábìlì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Béèsì mi kò dún nínú rédíò yẹn rárá, gìtá ń han bí ẹ̀fọn. Ohùn ọ̀rẹ́ mi nìkan ló jáde ketekete. Màmá ń mi orí sí i, bó ṣe máa ń mì í nínú yàrá wa.

Lọ́yà àwọn ará ẹ̀yìnkùlé dìde. "Ìwọ tí o kọ orin yìí, ta ló dá iná tí bàbá ńlá rẹ bá nílẹ̀?"

"Kò sí iná kankan, sà." Ọ̀rẹ́ mi ti fi Kùránì búra. "Orin lásán ni. Èmi ni mo rò ó."

"Ṣé kì í ṣe oríkì ẹbí yín ni? Ṣé kì í ṣe ìyá àgbà rẹ ló kọ́ ọ?"

"Rárá, sà. Wọn ò kọ́ mi ní nǹkankan. Ọpọlọ wọn ò pé mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti dá ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú ilé."

Ẹ̀yìn ọrùn màmá ni mo ń wò. Kò mi orí mọ́. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ká ọwọ́ lé itan, bẹ́ẹ̀ ló sì jókòó títí adájọ́ fi dìde. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ti búra pé orí àgbà ló wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ gbé béèsì mi, nítorí dáwódù ti ní ká kó ẹrù wa kúrò nínú yàrá. Màmá wà lórí àpótí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jáde, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Màmá wò ó. "Ẹ káàárọ̀, sà," ó ní. "Ta lẹ ń béèrè?"

"Màmá, èmi ni."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde nílẹ̀. Wọ́n ní mi ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ nínú ilé yìí."

Kò dìde. Ó ń retí ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ kò sì dé. Màmá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú béèsì léjìká. "Ará Ìjẹ̀ṣà," ó ní, "ṣé o ti jẹun? Bá mi kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ lọ́jà."

Títí màmá fi kú, kò pe ọ̀rẹ́ mi ní ọkọ mi mọ́. Kò bá a jà, kò ṣẹ́ èpè fún un. Ńṣe ló ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò tó ṣìlé, ó sì ń kí àwa yòókù bó ṣe ń kí wa tẹ́lẹ̀. Mo rí ọ̀rẹ́ mi tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ síbi tó ń lọ, kó má baà kọjá níwájú àpótí yẹn. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí.

Wọ́n kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ wọn tẹ̀ ládùúgbò, wọ́n fi ọmọ odó fọ́ wọn lágbàlá. Lọ́yà ẹbí lọ bá àwọn ará ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, àwọn náà sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Onílù wa ta ìlù rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó ń bá ìwé títẹ̀ lọ. Mo gbọ́ pé ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní dùùrù, kò kọ́ wọn ní ìlù. Èmi padà sídìí léèsì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò fi mí ṣẹ̀sín, ó kàn nawọ́ ọ̀pá ìwọnṣọ sí mi. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, ì bá sàn fún mi.

Ẹbí ọ̀rẹ́ mi jàre ẹjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà. Màmá kò tíì pẹ́ nílẹ̀ tí dáwódù fi ta ilé náà fún ẹni tó wó o, tó kọ́ ilé ìtajà alájà síbẹ̀. Ibi tí àpótí màmá máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta abọ́ oníke báyìí. Ọ̀rẹ́ mi fi ìpín tirẹ̀ wọ bàálù lọ sí ìlú òyìnbó. Wọ́n ní ilé onílé ló ń ṣọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọdún ìjọba ológun yẹn ń lọ sópin, wọ́n fi dáwódù joyè. Ìwúyè kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tó wá bá mi ní Balógun. Ṣọ́ọ̀bù ti di tèmi nígbà náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fún un ní àga. Ó bi mí nípa ìyàwó, ó bi mí nípa ọmọ, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá.

"Ọmọ mi," ó ní, "kò sí obìnrin tó mọ oríkì wa mọ́ nílé. Àwọn ìyàwó ìwòyí, òyìnbó ni wọ́n gbọ́. A ò sì lè jáde lọ́jọ́ yẹn bí ọmọ òrukàn. Wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ."

"Kásẹ́ẹ̀tì wo, Bàbá?"

"Èyí tí ẹ fi oríkì wa kọrin nígbà yẹn."

Ó wà lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú ọ̀rá lábẹ́ káńtà, lábẹ́ àwọn ègé léèsì, bí Bàbá bá nàró tó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ á tó o. "Bàbá," mo ní, "kò sóríkì kankan nínú orin yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ló rò ó fúnra rẹ̀. Ó fi Kùránì búra, ẹ wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ kó bínú. Kò bínú. Ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó dìde, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń sin àgbà.

Mo gbọ́ bí ọjọ́ náà ṣe lọ. Wọ́n háyà onírárà kan láti òkè, tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ó kì wọ́n ní ọmọ ọdẹ, ó kì wọ́n ní ọmọ a-perin-má-ṣojo, àwọn tó jẹ́ pé atukọ̀ ni bàbá wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú kan erin rí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Wọ́n ní Bàbá jó sí i títí.